Ó Ti Bọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò kì í sọ fún òbí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, màá sọ bó ṣe jẹ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ni "bọ́". Bí ibà bá fi ọmọ sílẹ̀, tó lajú, tó béèrè búrẹ́dì, àwọn nọ́ọ̀sì á sáré tọ ìyá rẹ̀ lọ: "Màmá, ẹ dúpẹ́, ó ti bọ́!" Èmi kọ́. Èmi á dúró níwájú ìyá yẹn, màá wò ó lójú, màá sì sọ pé, "Ó wà láàyè." Ìgbà tí mo bá rí i pé ìyẹn ti wọlé ni ọ̀rọ̀ yòókù á tó tẹ̀lé e. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Dókítà Ó-Wà-Láàyè bí mo bá ti kẹ́yìn sí wọn. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Etí mi mú dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ láyé, mi ò sì tíì dárí jì í.

Ọláyídé ni orúkọ mi. Odigbo ni wọ́n bí mi sí, Ajue ni oko kòkó bàbá mi wà. Ọmọ méjì ni àwa, èmi àti Elisha àbúrò mi, ọdún mẹ́jọ ló sì wà láàárín wa. Elisha ní àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, orúkọ náà ò sì parọ́. Lónìí, egungun á máa ro ó, á máa ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Lọ́la, ẹ wo orí igi gúáfà, òun lẹ ó rí níbẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Bí Màmá bá ní kó má wẹ̀ nínú òjò, á ní òjò ló ń wẹ òun, òun kọ́ ló ń wẹ̀. Mo fẹ́ràn ọmọ náà débi pé mo máa ń bá a jà kí n lè rí ìdí dì í mú.

Ní ọdún 1984, àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba. Ọṣẹ di ohun àwárí, mílíìkì di ohun tí à ń wo àwòrán rẹ̀ lára páálí òfìfo, bí èèyàn ò bá sì fúnra rẹ̀ tò ní gáréèjì, kòbókò sójà á tò ó. Oṣù keje ọdún yẹn, nígbà tí òjò ń rọ̀ láìdá, ìrora Elisha dé, kò sì lọ. Ọjọ́ kẹta, Bàbá gbé e lé èjìká, Màmá di ẹrù, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Oǹdó. Èmi àti Yèyé, ìyá bàbá mi, la kù nílé.

Kò sí tẹlifóònù. Bí mo bá ti kúrò nílé ìwé, Ore ni mò ń lọ, màá lọ dúró ní gáréèjì, màá máa bi àwọn awakọ̀ tó ń ti Oǹdó bọ̀ bóyá àwọn òbí mi rán wọn níṣẹ́. Bí mo bá rí ọkọ̀, mo wọ̀ ọ́. Bí mi ò bá rí, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà ni Pius, ará ọ̀nà Bìní, tó ní ọkọ̀ pijò funfun kan tí okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀. Yorùbá tí Pius gbọ́ kò ju èyí tó fi ń gba owó ọkọ̀ àti èyí tó fi ń jà lọ. Ṣùgbọ́n èèyàn rere ni, ojoojúmọ́ ló ń dúró ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù láti bi Màmá bóyá ó ní iṣẹ́ rírán.

Lọ́jọ́ karùn-ún tí wọ́n ti lọ, mo rí pijò náà. Sójà kan ń fi kòbókò lu iwájú ọkọ̀ ẹ̀, ó ní kó kúrò níbi tó dúró sí. Pius ń bá sójà jà lójú kan, ó ń wá mi lójú kejì. Bó ṣe rí mi, ó yọrí síta.

"Ọláyídé! Mama yín sọ pé ọmọ ti bọ́! You hear? Ọmọ ti bọ́!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ta ló máa rẹ́rìn-ín nígbà tí kòbókò ń lu ọkọ̀ rẹ̀? Ó tẹ iná mọ́tò, ó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, à á ní ẹ kú oríire. Ọmọ sì lè bọ́ mọ́ òbí rẹ̀ lọ́wọ́, à á ní ẹ kú àmúmọ́ra. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èyí tó tẹ̀lé e ló ń sọ èyí tó jẹ́, Pius ò sì sọ èyí tó tẹ̀lé e. Ó yẹ kí n sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà. Ó yẹ kí n bi awakọ̀ mìíràn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Elisha la ti ń retí ọ̀rọ̀ burúkú yẹn nílé wa, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ó máa ń bá wa jókòó jẹun. Nígbà tí mo rò pé ó ti dé, mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo fẹsẹ̀ rìn dé Odigbo nínú òjò, kí n sì tó dé, mo ti fi ẹnu ara mi parí ọ̀rọ̀ tí Pius ò parí.

"Kí ni wọ́n wí?" Yèyé bi mí.

"Yèyé, ó ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́."

Yèyé tú gèlè orí rẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òkú ọmọdé kì í ṣe òkú tí a ń pe èrò jọ sí. Nílé tiwa, kí ìyá ọmọ tó ti ibi ìsìnkú dé, wọ́n gbọ́dọ̀ ti kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti ọmọ náà kúrò nílẹ̀, kí ojú ìyá má baà bá a. Yèyé kì í pa ìsìn àárọ̀ jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sí ìwàásù tó lè gba àṣà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní èmi tí ara mi le ni kí n kó o.

Mo kó o. Ẹní tó ń sùn lé. Ẹ̀wù ilé ìwé rẹ̀. Ìwé kíkọ tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí nígbà mẹ́rìnlá, tí ọ̀kan ò jọ ìkejì. Bàtà rọ́bà tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ já. Rọ́bà tó fi ń ta ẹyẹ tí kò bà rí. Àwòrán tí a yà nígbà ìkórè, tí òun nìkan dijú nínú rẹ̀. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé kan ló kù lọ́wọ́ mi, bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já, òórùn Elisha wà lára rẹ̀. Mo fẹ́ fi í pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Yèyé rí mi.

"Ọma mi, má ṣe é. Bí ìyá ẹ bá rí i lọ́jọ́ kan, ọkàn rẹ̀ á tún kú lẹ́ẹ̀kejì."

Mo jù ú sínú iná tí ẹrù yòókù ti ń jó. Epo kẹrosínì ló sun ún lẹ́yìnkùlé wa. Mo dúró tì í títí ó fi di eérú, torí mo rò pé ohun tó kù tí mo lè ṣe fún àbúrò mi nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà, pijò funfun dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Màmá bọ́ sílẹ̀, Bàbá bọ́ sílẹ̀, Elisha sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bísíkíìtì lọ́wọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò fi igbe ta, wọ́n sá wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Elisha rò pé eré ni, ó sá tẹ̀ lé wọn. Yèyé dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Àwọn aládùúgbò tó wá kí wa kú ìrọ́jú ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Ta ló kú?" Elisha bi wọ́n.

Bàbá ò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. Ó kàn lọ sẹ́yìnkùlé, ó wo eérú náà, ó sì padà wọlé. Màmá ní, "Mo ní kí Pius sọ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí lo gbọ́?"

Nígbà tí a fẹ́ sùn, Elisha wá ẹ̀wù rẹ̀, kò rí i. Bùláòsì mi ni Màmá wọ̀ fún un. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ọwọ́ aṣọ náà gùn kọjá ìka rẹ̀.

"Ṣé o sunkún?"

"Mo sunkún."

"Báwo lo ṣe sunkún? Ṣe é, kí n rí i."

Mo ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó fi orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Nígbà mìíràn, máa béèrè dáadáa. Bọ́ lọ́wọ́ ta ni? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ìwé ni?"

Kò sí aṣọ láti rà ní ọdún yẹn. Bùláòsì mi ni Elisha ń wọ̀ káàkiri Odigbo, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ìyàwó, òun náà ń bú wọn padà. Nígbà Kérésìmesì, Màmá gé ìró ara rẹ̀, ó rán ẹ̀wù kan fún un. Ẹ̀wù kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.

Ọyẹ́ oṣù kìíní ló mú un. Òtútù ò bá irú wọn ṣeré. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní mi ò dúró sílé, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n pa mí. Oògùn ò sí ní ọsibítù tí a gbé e lọ, ẹ̀jẹ̀ ò sí, omi tí wọ́n ń fà sí ọmọ lára sì ti tán. Àwọn dókítà ti ń gba Saudi lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kúkúrú kan ló kù ní yàrá àwọn ọmọdé, Dókítà Sàádátù. Kò ní nǹkan kan tó lè fún Elisha, síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ó ń fi omi gbígbóná tẹ egungun rẹ̀, ó ń bi í ní orúkọ àwọn ẹyẹ tó ti ta tí kò bà. Elisha ń dá a lóhùn, ó tilẹ̀ ń parọ́ fún un pé òun bà méjì.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Dókítà Sàádátù wá bá wa ní abẹ́ igi níta. Ó kúnlẹ̀ síwájú Màmá, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Màmá, Elisha ti kú. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀."

Mo dúró kí ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ kejì. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Kò ní.

Ẹ̀wù ìró Màmá ni wọ́n fi sin ín. A kì í fi sàréè ọmọ han òbí rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ ibẹ̀ fún wa. Nígbà tí a délé, ó dà bíi pé ọmọ kan ò gbé ibẹ̀ rí. Kò sí ẹní, kò sí bàtà, kò sí àwòrán. Bùláòsì mi nìkan ló kù, èmi ni mo sì ti ń wọ̀ ọ́ kó tó wọ̀ ọ́. Mo máa ń gbé e sí imú bóyá mo lè rí òórùn tiẹ̀ lábẹ́ tèmi. Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń rí i. Lọ́jọ́ mìíràn, òórùn èmi ni. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ hù sí ibi tí mo ti dáná sun ẹrù rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀. Mi ò jẹ ẹ́ rí. Màmá mi, tí mo torí ojú rẹ̀ sun ẹrù náà, máa ń dúró níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á máa fi ẹsẹ̀ wá nǹkan nínú ilẹ̀.

Torí Elisha ni mo ṣe kàwé dókítà. Mi ò ní parọ́ pé ó rọrùn. Ọdún 1997, wọ́n gbé mi lọ ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan ní Ore, àwọn sójà ṣì ni wọ́n ń ṣe ìjọba, epo mọ́tò ti di ohun tí à ń tà nínú ìgò lójú pópó. Ìwé méjì wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ọ̀kan wá láti ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn, wọ́n gbà mí láti wá kọ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí àìsàn wọn le. Ìkejì wá láti Saudi, Límátù ọ̀rẹ́ mi tó ti wà níbẹ̀ ló bá mi wá a. Ọkọ rẹ̀ á gba Ore kọjá ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní aago méjì ọ̀sán, láti wá gba ìwé ìrìnnà mi lọ ṣe físà. Bí kò bá bá mi, kò ní dúró.

Ká sòótọ́, mo fẹ́ lọ. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní oṣù yẹn, mo sì ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Màmá gan-an ní kí n lọ.

"Ọláyídé," ó ní, "èmi sin ọ̀kan péré, wo bí mo ṣe dà. Ìwọ fẹ́ máa sin wọ́n lójoojúmọ́?"

Mo fi ìwé ìrìnnà náà sínú báàgì mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ọmọdébìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń jẹ́ Glory, ọmọ ọdún márùn-ún, láti Odigbo. Ibà ti gun orí rẹ̀, gìrì ti mú un, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lajú. Owólabí, bàbá rẹ̀, ti fún un ní ẹ̀jẹ̀, ó sì ti padà sílé lọ wá gàrí. Hannah, ìyá rẹ̀, ò kúrò ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ní nǹkan bí aago méjìlá, Glory lajú, ó wo ojú mi, ó ní òun ò fẹ́ràn mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo yíjú sí Hannah láti sọ fún un pé ó wà láàyè, ṣùgbọ́n Hannah ti wà lójú fèrèsé, ó ń pariwo sí ọlọ́kadà kan níta.

"Olútáyọ̀! Bá mi sọ fún bàbá Glory pé ó ti bọ́!"

Olútáyọ̀ gbọ́wọ́ sókè, ó sì lọ.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mi ò dúró gbé ìwé. Mo fi ọmọ lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mo sáré jáde pẹ̀lú ẹ̀wù funfun lọ́rùn. Bàbá àgbàlagbà kan ló ṣì ní epo nínú ọ̀kadà rẹ̀ ní ẹnu géètì, epo náà ò sì pọ̀. Mo ní kó sáré. Ó ní egungun òun ò lè sáré. Mo bú u, Ọlọ́run jẹ́ kó dárí jì mí. Ní agbedeméjì ọ̀nà, epo tán, mo bọ́ sílẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ sá èyí tó kù. Gbogbo ojú ọ̀nà, eérú ni mò ń rí.

Nígbà tí mo wọ agboolé Owólabí, ìyá àgbàlagbà kan, ìyá Owólabí, wà lẹ́yìnkùlé. Ó ti kó àwọn aṣọ pélébé-pélébé sínú àwo ńlá kan. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ má sun ún!" mo kígbe. "Ó wà láàyè! Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún!"

Ìyá náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Sun kí ni, dókítà? Olútáyọ̀ ti jíṣẹ́, ó ní ọma mi ti bọ́. Bàbá rẹ̀ ti lọ wá ẹja tí a ó fi sebẹ̀ fún un. Omi aṣọ ni mo gbé kaná. Kò yẹ kó wọ ìdọ̀tí padà wá ulí."

Kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Ó gbọ́ "bọ́", ó gbọ́ ayọ̀, ó sì dìde lọ wá ọṣẹ. Bí gbogbo ayé ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn. Pius ò ṣi iṣẹ́ jẹ́. Màmá ò ṣi iṣẹ́ rán. Èmi ni.

Mo jókòó sórí àpótí. Mo mú aṣọ kan nínú àwo, aṣọ pupa rúsúrúsú tó ní àpò kan níwájú, mo gbé e sí imú mi. Ó ń rùn bí èéfín, ó ń rùn bí àdín, ó sì ní òórùn ọmọ tó tọ̀ sára. Mo sunkún bí mo ṣe sunkún han Elisha, kò sì sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ń wù mí í rí. Bọ́tìnnì rẹ̀ tó já ń wù mí í rí. Ọdún méjìlá ti kọjá, mi ò ní ohun tó tó ìka kan tí mo lè dì mú kí n sọ pé tiẹ̀ nìyí.

Ìyá àgbà fa àwo náà sún mọ́ wa. Ó gé ọṣẹ dúdú sí méjì, ó na ọ̀kan sí mi. A jọ ń fọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ sí ọrùn aṣọ náà, ibi tí ìdọ̀tí ọmọdé máa ń sá pamọ́ sí, mo sì rọra fi ìka bó o. Aago ọwọ́ mi sọ pé aago méjì ti kọjá. Ọkọ Límátù á ti fọn fèrè tì ní géètì. Ìwé ìrìnnà náà wà nínú báàgì mi ní Ore, mi ò sì dìde. Ìbàdàn ni mò ń lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí a sá aṣọ tó kẹ́yìn, ìyá àgbà nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Ojú rẹ̀ yí padà, bí ẹni pé ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà á.

"Dókítà, ìwọ lo wà níbẹ̀. Ṣé ó ti bọ́ lóòótọ́?"

Elisha ní kí n máa béèrè dáadáa. Mo béèrè lọ́kàn mi, bọ́ lọ́wọ́ ta ni, kí n tó la ẹnu.

"Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikú, Yèyé," mo ní. "Ó ti bọ́."